Kíká RNA Mọ́ Orí Jíìnì: Ìrírí Mi Lẹ́nu Iṣẹ́ Splicing

Ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi kọ́ ẹ̀kọ́ nípa jíìnì ló to iṣẹ́ náà bí àtẹ̀gùn: wọ́n á da DNA kọ sí RNA tán, wọ́n á wá gé intron, apá tí kò ní sí nínú RNA tó bá parí, dànù, wọ́n á fi ìrù sí i, kí ó tó jáde kúrò nínú núkílíọ̀sì. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko afọ́mọlọ́mú, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. RNA polymerase II, ẹ́ńsáìmù tó ń kọ RNA, ṣì wà lórí jíìnì, ó ṣì ń kọ lọ, nígbà tí àwọn mìíràn ti ń tún RNA tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ṣe. Bí RNA náà bá ti gùn tó nucleotide (ẹyọ lẹ́tà RNA) 20 sí 30 báyìí, wọ́n ti dé e ní fìlà (cap). Bí intron bá jáde tán, spliceosome, ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gé intron, á gé e kúrò, á so exon (apá tó máa kù) tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ pọ̀; iṣẹ́ yìí ni à ń pè ní splicing. Bí àmì AAUAAA bá jáde, wọ́n á já RNA náà ní nucleotide 10 sí 30 lẹ́yìn àmì yẹn, wọ́n á sì fi ìrù A gígùn sí i. Ó dà bí aṣọ tí télọ̀ ti ń gé, tó ti ń rán, nígbà tí ahunṣọ kò tíì já a kúrò lórí òfì.

Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nínú iṣẹ́ yìí wá sórí kókó kan: ibi tí RNA wà nígbà tí ẹ ká a mọ́ ni yóò sọ irú ìbéèrè tó lè dáhùn. Nínú gbogbo RNA sẹ́ẹ̀lì kan, bí ìdá 80 nínú 100 ló jẹ́ RNA ti ribosome, ẹ̀rọ tó ń ṣe purotéènì. mRNA (RNA tó ń gbé iṣẹ́ jíìnì lọ fún ribosome) tó ti parí wà nínú ìwọ̀nba tó kù. RNA tí polymerase ṣì dì mú, èyí tí a ń wá gan-an, tún kéré sí ìyẹn lọ́nà púpọ̀. Nítorí náà, bí mRNA díẹ̀ bá yọ́ wọlé láti inú cytoplasm (apá sẹ́ẹ̀lì tó yí núkílíọ̀sì ká), ó ti bo ohun tí ẹ ń wá mọ́lẹ̀. Gbogbo mRNA yẹn ni wọ́n ti gé intron rẹ̀ kúrò, èsì yín á sì máa pariwo pé splicing ti parí lórí jíìnì. Irọ́ ni. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, kí túùbù tó dé iwájú ẹ̀rọ sequencing, èyí tó ń ka lẹ́tà RNA, rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán nìyí. Jíìnì β-globin, tí a mọ̀ dáadáa nílẹ̀ wa nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ni àpẹẹrẹ tó rọrùn jù. Ó kéré: exon mẹ́ta, intron méjì, gbogbo gígùn rẹ̀ bí nucleotide 1,600. Intron kìíní jẹ́ 130, èkejì jẹ́ 850. Àyípadà tó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde, lẹ́tà A tó di T ní codon 6 (codon ni lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún amino acid kan), kò kan ojú ìgé intron. Ṣùgbọ́n nínú jíìnì kan náà, G tó di A ní ipò 110 nínú intron kìíní a máa fa β-thalassaemia, àrùn àìtó ẹ̀jẹ̀ mìíràn, nítorí ó dá ojú ìgé tuntun sílẹ̀ ní nucleotide 19 ṣáájú èyí tó tọ́. Ojú èké yẹn ni ọ̀pọ̀ RNA jíìnì náà á gbà gé. Ẹ fi àyípadà yìí sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Ọ̀nà tí mo fọkàn tán jù ni kí a pín sẹ́ẹ̀lì sí mẹ́ta, cytoplasm, omi inú núkílíọ̀sì, àti chromatin (DNA pẹ̀lú purotéènì tó dì mọ́ ọn), kí a sì mú RNA tó lẹ̀ mọ́ chromatin nìkan. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé polymerase, DNA àti RNA tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ di ara wọn mú gidigidi. Urea 1 M kò lè já wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tú ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ká.

Mílíọ̀nù 10 sẹ́ẹ̀lì ni mo ń lò fún túùbù kan. Ẹ fi PBS (omi iyọ̀ tí a fi ń fọ sẹ́ẹ̀lì) tútù fọ̀ wọ́n, kí ẹ tú wọn sínú 200 µl omi tó ní Tris 10 mM (pH 7.0), NaCl 150 mM àti ọṣẹ NP-40 0.15%. Ẹ gbé e sórí yìnyín fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra gbé e lé orí 500 µl omi kan náà tí kò ní ọṣẹ ṣùgbọ́n tó ní sucrose 25%, kí ẹ sì yí i ní 16,000 g fún ìṣẹ́jú 10 ní 4°C. Núkílíọ̀sì á la omi ṣúgà yẹn kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, cytoplasm á dúró sókè. Inú gbogbo omi wọ̀nyí ni kí ẹ fi α-amanitin 25 µM sí pẹ̀lú ohun tó ń dá RNase (ẹ́ńsáìmù tó ń já RNA) dúró, kí polymerase má baà tún máa kọ lọ nígbà tí ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́. Májèlé ni α-amanitin, inú olú tó ń pa ènìyàn ni wọ́n ti rí i, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ méjì.

Bí ẹ ṣe ń fa omi kúrò lórí núkílíọ̀sì ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe yí i lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti pipette bọ ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Cytoplasm tó wà lókè á sì ṣàn tẹ̀lé ògiri túùbù wá sórí núkílíọ̀sì. Ẹ fa ti òkè kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ pààrọ̀ ẹnu pipette. Ẹ fi bébà tó mọ́ nu ògiri túùbù nínú yíká, kí ẹ má kan ìsàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fa omi ṣúgà. Mo ka ìnura yẹn sí ju gbogbo ohun tí àwọn tó ń ta èròjà fi ń polówó lọ.

Ìwọ̀n ọṣẹ kò dúró sójú kan. Ohun tó bá HeLa (sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí láàbù ń lò) mu lè pọ̀ jù fún sẹ́ẹ̀lì eku, ó sì lè kéré jù fún òmíràn. Ẹ gbìyànjú 0.05%, 0.1%, 0.15% àti 0.2%, kí ẹ fi trypan blue díẹ̀ sí i, kí ẹ wò ó lábẹ́ microscope. Núkílíọ̀sì tó bọ́ kúrò nínú awọ sẹ́ẹ̀lì á mu àwọ̀ búlúù, etí rẹ̀ á mú kedere. Sẹ́ẹ̀lì tí ọṣẹ kò tíì ràn kò ní mu ún. Bí ẹ bá rí búlúù tí nǹkan funfun ṣì yí ká bí òrùka, ọṣẹ kò tó, cytoplasm ṣì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí búlúù tó fẹ̀, tí etí rẹ̀ ti ń tàn ká, ọṣẹ ti pọ̀ jù.

Ẹ fi 800 µl PBS tó ní Triton X-100 0.1% àti EDTA 1 mM fọ núkílíọ̀sì, kí ẹ yí i ní 1,150 g fún ìṣẹ́jú 1 péré. Ẹ tú u sínú 200 µl omi glycerol: Tris 20 mM (pH 8.0), NaCl 75 mM, EDTA 0.5 mM, DTT 0.85 mM, glycerol 50%. Glycerol, tí àwọn tó ń po ìpara mọ̀ sí gílísérìn, máa ń lẹ̀ mọ́ inú pipette, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í pé. Orí òṣùwọ̀n ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n: 1 ml jẹ́ 1.26 g, nítorí náà 10 ml omi yìí fẹ́ 6.3 g. Ẹ wá fi 200 µl omi urea kún un: HEPES 20 mM (pH 7.5), NaCl 300 mM, urea 1 M, NP-40 1%, EDTA 0.2 mM, DTT 1 mM. Ẹ mì ín díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú 2 lórí yìnyín, kí ẹ yí i ní 18,500 g fún ìṣẹ́jú 2. Ọjọ́ tí ẹ máa lo urea ni kí ẹ pò ó. Bó bá pẹ́, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta níbí, á máa yí padà sí cyanate tó ń ba purotéènì jẹ́.

Ojú ni ẹ máa fi mọ̀ bóyá ó dára. Bí urea bá ti kàn án, omi á kọ́kọ́ dà bí omi ògì, lẹ́yìn náà nǹkan funfun kékeré á kó ara rẹ̀ jọ bí ìṣù owú tí omi rin. Lẹ́yìn centrifuge, á le, á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, omi orí rẹ̀ á mọ́ gaara. Èyí tó bàjẹ́ kì í fara pamọ́: ó ń fà. Ẹ fi ẹnu pipette kàn án, ẹ gbé e sókè, á tẹ̀ lé yín bí ọbẹ̀ ilá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé núkílíọ̀sì ti fọ́ kí urea tó dé bá a, DNA ti tú sínú omi. Ẹ má ṣe gbìyànjú àtitún un ṣe. Ọṣẹ tó pọ̀ jù lè fà á, mímì tó le jù lè fà á, ṣùgbọ́n èyí tí mo rí jù lọ níbí ni yìnyín.

Àwọn tó ń ta omi tútù ní Òṣogbo máa ń ra yìnyín olódindi, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ láàbù ti ń rà á. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́, tó wá fi iyọ̀ sí i kó lè pẹ́, ti sọ ọ́ di ohun tó tutù ju 0°C lọ. Núkílíọ̀sì tó wà nínú túùbù lórí rẹ̀ á dì, bó bá sì yọ́, á fọ́. Yìnyín tó kàn dá dúró ní òkúta òkúta náà kò dára, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná ló yí túùbù ká. Ẹ fọ́ ọ kúnná, ẹ bu omi tó mọ́ sí i títí tó fi rọ̀ bí ògì tó ki, kí ẹ ti túùbù bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn. Omi àti yìnyín tó pò báyìí kì í kúrò ní 0°C títí yìnyín á fi yọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Láti ìgbà tí ọṣẹ bá ti kan sẹ́ẹ̀lì títí tí chromatin á fi wọ inú TRIzol (omi tí a fi ń fa RNA jáde), kò ju ìṣẹ́jú 45 lọ, kò sì sí ibì kan láàárín rẹ̀ tí ẹ lè dúró sí. Ẹ so centrifuge mọ́ inverter tó lè gbé e, ẹ tan òtútù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú. Bí iná bá lọ nígbà tó ń yí lórí omi ṣúgà, tó sì dúró fúnra rẹ̀, ẹ lè tún un yí bí òtútù bá ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn urea ni, ẹ dà á nù. Ṣùgbọ́n tí RNA bá ti wọ inú TRIzol, ara lè tù yín: á dúró ní -20°C fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá fà á jáde, inú ethanol ni kí ẹ fi í pamọ́ sí. Inú omi, bí fírísà bá ń yọ́ tó ń dì, RNA á máa já.

Chromatin kì í fẹ́ yọ́ nínú TRIzol. Bí ẹ bá kàn dà á lé e lórí, á léfòó bí ẹ̀já owú, bí ẹ bá fi chloroform sí i, á dúró sí àárín omi òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin á sì fa omi òkè, ẹ ó fi RNA tí ẹ wá dé ibẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ tú u sínú 50 µl PBS, kí ẹ da 700 µl TRIzol sí i, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ 22G fà á wọlé fà á jáde nígbà 10. Abẹ́rẹ́ 21G tó wà ní gbogbo kẹ́mísì náà lè ṣe é. Bó bá ṣì ní kókó, ẹ gbé e sí 50°C fún ìṣẹ́jú 10.

Kí ẹ tó náwó lé e, ẹ yẹ ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Fún purotéènì, GAPDH yẹ kó wà nínú cytoplasm, U1-70K nínú omi núkílíọ̀sì, histone H3 lórí chromatin. Bí H3 bá fara hàn nínú omi núkílíọ̀sì, ẹ ti tú chromatin ká. Ọ̀pọ̀ ń dúró síbẹ̀, àmọ́ purotéènì kì í ṣe RNA. Ẹ fi qPCR, ọ̀nà tí a fi ń ka iye ẹ̀dà, wo RNA náà pẹ̀lú.

Lórí qPCR yìí, ibi tí mo ti rí àṣìṣe tó pọ̀ jù ni ibi tí wọ́n fi primer (ègé DNA kékeré tó ń sọ ibi tí ẹ̀dà á ti bẹ̀rẹ̀) sí. Láti ka RNA tí intron ṣì wà lára rẹ̀, àwọn kan á fi primer kan sínú exon, èkejì sínú ìbẹ̀rẹ̀ intron. Ẹ rò ó wò: bí intron náà bá gùn tó 20,000 nucleotide, tí polymerase sì ń rin bí 2,000 lọ́ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú 10 gbáko ni RNA yẹn á fi wà láìṣeé gé, nítorí òpin intron kò tíì jáde. Ẹ̀yin á kà á sí RNA tí splicing rẹ̀ falẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì tó àkókò rẹ̀ ni. Òpin intron ni kí ẹ fi primer sí, kó kọjá láti inú intron bọ́ sínú exon tó tẹ̀lé e. Gbogbo RNA tó bá lè mú èyí jáde ti ní intron pípé. Fún èyí tí wọ́n ti gé, kí primer kan gun orí ìsopọ̀ exon méjèèjì. Kí ohun tí wọ́n máa mú jáde wà láàárín 80 sí 150 nucleotide. Random hexamer, primer kúkúrú tó ń lẹ̀ mọ́ ibikíbi, ni kí ẹ fi ṣe cDNA, ẹ̀dà DNA ti RNA náà. Oligo-dT kò wúlò níbí, ìrù ló ń wá, RNA tó ṣì ń jáde kò sì ní ìrù.

Primer méjèèjì kì í ṣiṣẹ́ bákan náà, nítorí náà ẹ kò lè yọ Ct (iye ìyípo qPCR kí àmì tó fara hàn) kan kúrò nínú èkejì kí ẹ pè é ní ìdá. Ẹ ṣe plasmid (DNA kékeré olóbìírípo) tó ní ẹ̀yà méjèèjì, èyí tí wọ́n gé àti èyí tí wọn kò gé, kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà òṣùwọ̀n tó dára máa ń wà láàárín -3.1 sí -3.6. Iye ẹ̀dà tó bá jáde ni kí ẹ fi pín ara wọn.

DNA ni ọ̀tá kejì. Chromatin lẹ mú, ẹ̀yin gan-an lẹ pe DNA wọlé, primer inú intron kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín DNA àti RNA tí wọn kò gé. Ẹ lo DNase, ẹ́ńsáìmù tó ń já DNA, lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú 30 ní 37°C lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo túùbù ní ẹnìkejì tí a kò fi reverse transcriptase, ẹ́ńsáìmù tó ń sọ RNA di cDNA, sí. Bí èyí tó ní ẹ́ńsáìmù bá jáde ní Ct 26, tí èyí tí kò ní jáde ní 33, ìyàtọ̀ 7 túmọ̀ sí ìdá kan nínú 128, kò tó 1%, ẹ máa lọ. Bó bá jáde ní 29, ìyàtọ̀ 3 jẹ́ ìdá kan nínú 8. Bí ìdá 12 nínú 100 ohun tí ẹ pè ní RNA ló jẹ́ DNA nìyẹn, àtúnṣe kankan lórí kọ̀ǹpútà kò lè gbà yín.

Síbẹ̀, chromatin tó mọ́ tónítóní ṣì ní RNA tó ti parí lára. Àwọn kan ti já, wọ́n ti ní ìrù, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kúrò níbi tí wọ́n ti kọ wọ́n. Ẹ fi bíìdì oligo-dT yọ wọ́n kúrò, kí ẹ yọ RNA ribosome náà, kí ẹ tó ṣe library (àkójọ ègé tí ẹ máa gbé fún sequencing). Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ máa kọ ọ́ sínú iṣẹ́ yín, nítorí ìyàtọ̀ tó ń ṣe kò kéré.

Ọ̀nà kejì, dípò ibi tí RNA wà, àkókò tí wọ́n kọ ọ́ ni ó ń tọ́ka sí. Ìlú aró ni Òṣogbo, ẹni tó bá ti rí bí aláró ṣe ń rẹ aṣọ kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. 4-thiouridine, 4sU, ni aró. Ẹ dà á sínú oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ní 500 µM fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, RNA tí wọ́n bá kọ láàárín àkókò yẹn nìkan ló máa mu ún. Bí aṣọ gígùn tí ẹ ti apá kan bọ ìkòkò, ibi tó wọ aró ló dúdú, ìyókù ṣì funfun. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé: bí ẹ bá fi biotin, tí a ń so mọ́ 4sU, àti bíìdì streptavidin, tó ń di biotin mú, fa RNA yìí jáde lódindi, apá funfun á tẹ̀ lé apá dúdú, ẹ ó sì máa ka RNA tí wọ́n ti kọ kí 4sU tó dé. Ẹ kọ́kọ́ já a sí wẹ́wẹ́, kí ẹ tó fà á. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 5 lẹ fún un, tí polymerase sì ń rin bí 2,000 lọ́ìṣẹ́jú, apá tó mu aró kò ní ju bí nucleotide 10,000 lọ lára RNA kọ̀ọ̀kan.

4sU kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ fi fọ́ìlì bo abọ́ àti túùbù. Biotin-HPDP ni ọ̀pọ̀ ń lò, 2 µl ti 1 mg/ml fún 1 µg RNA, wákàtí kan àbọ̀ nínú òkùnkùn. DTT ló ń já ìdè náà níkẹyìn, 100 mM, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí DTT nínú RNA ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ biotin kò ní dúró. Fi chloroform fọ biotin tí kò rí nǹkan dì mọ́ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ni á gba gbogbo ààyè lórí bíìdì. Ẹ ní sẹ́ẹ̀lì kan tí kò rí 4sU láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni ìdọ̀tí yín. Ẹ má sì ṣe fi sẹ́ẹ̀lì sínú 4sU tó pọ̀ fún wákàtí púpọ̀, á kó ìnira bá nucleolus (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe ribosome), iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì á sì yí padà.

Bó bá jẹ́ ìyára ni ẹ fẹ́ mọ̀, òògùn DRB 100 µM fún wákàtí 3 á dá polymerase dúró lẹ́nu ọ̀nà jíìnì. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò pẹ̀lú omi gbígbóná 37°C, gbogbo wọn á gbéra pọ̀. Ẹ kó sẹ́ẹ̀lì ní ìṣẹ́jú 5, 10, 15, 20, kí ẹ wo ibi tí wọ́n dé. Omi tútù ni kò dára níbí, yóò fi ìdádúró kún àkókò yín. Jíìnì gígùn ni kí ẹ mú. β-globin kò wúlò fún èyí, wọ́n á ti kọ ọ́ tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Jíìnì dystrophin ní tirẹ̀ ju mílíọ̀nù 2 nucleotide lọ, bí wákàtí 16 ni polymerase fi ń kọ ọ́. Iṣẹ́ kan tó jáde ní 2009 lo irú ọ̀nà yìí, wọ́n rí ìyára bí 3,800 nucleotide lọ́ìṣẹ́jú, intron sì ń kúrò láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10 lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́, ìbáà gùn, ìbáà kúrú.

Bí data bá dé, àwòrán kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ẹ ṣí jíìnì kan tó ní intron gígùn, kí ẹ wo bí reads (ègé tí ẹ̀rọ kà) ṣe tò lórí rẹ̀. Bí splicing bá ń ṣẹlẹ̀ lórí jíìnì, ẹ ó rí eyín ayùn: ó ga ní ìbẹ̀rẹ̀ intron, ó ń dagẹ̀rẹ̀ lọ sí òpin rẹ̀, exon dé, ó tún ga ní ìbẹ̀rẹ̀ intron tó tẹ̀lé e. Ìdí ni pé ní ìgbàkígbà, polymerase tó ti kọjá ìbẹ̀rẹ̀ intron pọ̀ ju èyí tó ti dé òpin lọ, bí intron bá sì ti pé ni wọ́n ń gé e nù. Bí splicing bá falẹ̀, ilẹ̀ eyín ayùn náà á gbé sókè, ìdagẹ̀rẹ̀ á máa parẹ́. Bí ẹ kò bá rí eyín ayùn rárá nínú RNA chromatin, ẹ padà sí ibi ìnura túùbù.

Nínú sequencing tó ń ka RNA gígùn lódindi, ìparí RNA ló ń sọ ibi tí polymerase wà, ẹ ó wá wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá intron ti lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìparí ni polymerase. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kìíní splicing, exon á dá dúró pẹ̀lú ìparí tó ṣí sílẹ̀, á sì jọ RNA tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nítorí ìparí rẹ̀ máa ń bọ́ sórí nucleotide tó gbẹ̀yìn exon gẹ́lẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. RNA tó já nítorí àìtọ́jú kì í ní ibi pàtó, ó fọ́nká, òun ni ó ṣòro jù láti mọ̀. Ìrù èké náà wà: bí A mẹ́fà bá tẹ̀lé ara wọn nínú intron, oligo-dT lè lẹ̀ mọ́ ọn. Reverse transcriptase pàápàá a máa fò láti ibì kan sí òmíràn, á dá intron tí kò sí sílẹ̀. Èyí tí kò bá fi GT bẹ̀rẹ̀ kó fi AG parí, tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ lẹ́tà kan náà sì wà ní etí rẹ̀ méjèèjì, mo máa ń kọ́kọ́ fura sí i.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò tíì fẹnu kò lórí bí splicing ṣe yá tó. Nínú iṣẹ́ kan ní 2020, lórí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, polymerase ti kọjá intron ní bí 2,000 sí 4,000 nucleotide kí wọ́n tó gé e. Ní 2021, lórí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ eku, wọ́n rí i pé wọ́n ń gé e nígbà tí polymerase ṣì wà ní 75 sí 300 péré. Èrò tèmi ni pé kí a má yan ọ̀kan kí a sì dá èkejì lẹ́bi. Sẹ́ẹ̀lì yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n fi mú RNA yàtọ̀, RNA tó kúrú sì rọrùn láti kà ju èyí tó gùn lọ. Ohun tó mú mi lọ́kàn jù nínú ti 2021 ni β-globin wa tí mo sọ lókè. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní àyípadà 110 yẹn, splicing tún dára sí i, wọ́n sì ń já ìparí RNA náà dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. RNA tí intron bá kù sí lára, polymerase á kàn máa sáré kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti já a. Ojú ìgé tí kò tọ́ ni, ó sì ń mú ìyókù iṣẹ́ náà dán. Ẹni tó bá ka mRNA cytoplasm nìkan kò lè rí èyí láé.

Nítorí náà, nínú ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi ìlàjì kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú ethanol kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ library. Ẹ kọ ọjọ́, iye sẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n ọṣẹ, àti iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín ọṣẹ àti TRIzol sára rẹ̀ pẹ̀lú bírò tí ethanol kì í pa rẹ́. Bí eyín ayùn kò bá jáde, ìlàjì yẹn ni ẹ máa padà sí, ìṣẹ́jú tí ẹ kọ sára rẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ wò.